Àyànmọ́ Ni tàbí Àfọwọ́fà? Ohun tí Àwòrán Ilẹ̀ Àtijọ́ ń Sọ nípa Etí Òkun Wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ kan nínú kíláàsì, nígbà tí a tẹ́ àwòrán ilẹ̀ méjì kalẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Èkíní jẹ́ àwòrán etí òkun wa tí àwọn Faransé yà ṣáájú ọdún 1885. Èkejì ni èyí tí à ń lò lónìí. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ sókè. Ó ní: «Ọ̀gá, irọ́ ni àwòrán àtijọ́ yìí ń pa. Kò fi ojú omi tí ó la Kútọnu já hàn. Ẹni tí ó yà á kò dé Kútọnu rí.» Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa kò pẹ́ lẹ́nu. Àwòrán náà kò purọ́. Ojú omi tí ó so ọ̀sà Nokoué pọ̀ mọ́ òkun, tí ó pín Kútọnu sí méjì lónìí, ọdún 1885 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, kí omi tí ó ń kún bo àwọn ilé etí ọ̀sà lè rí ọ̀nà jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀ yanrìn ni ó dí ọ̀nà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni omi òkun oníyọ̀ ti ń rí ọ̀nà wọnú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí irú ẹja tí àwọn apẹja ń rí níbẹ̀ sì ti yí padà. Bí ọmọ náà ṣe bá ojú omi yìí láyé ni ó ṣe rò pé ó wà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ohun tí ó rò pé iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ni, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, ó sì ní ọdún tí a ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí ọkàn wa sinmi, òun ni a sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ojú wa kúrò ní Kútọnu, kí a lọ sí ìwọ̀-oòrùn, sí ilẹ̀ yanrìn tóóró tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, láti Aného kọjá sí Agoué àti Grand-Popo, títí dé ẹnu odò tí à ń pè ní Bouche du Roy. Ilẹ̀ yìí jìnnà sí ariwo ìlú ńlá. Ní apá ibòmíràn, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó lè gbé ènìyàn débẹ̀. Òkun sì ń jẹ ẹ́. Ilé ń wó, igi àgbọn ń ṣubú, ibojì àwọn baba ńlá ń ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá sí Agoué ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ọmọ Yorùbá. Bí òkun bá gbé Agoué lọ, apá kan nínú ìtàn tiwa náà ni yóò gbé lọ.

Bí ilé kan bá wó síbẹ̀, kí ni àwọn ènìyàn ń wí? Wọ́n á ní: «Òkun ni. Ta ni ó lè bá òkun ṣẹjọ́?» Èdè wa sì ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí a fi yẹ gbólóhùn yìí wò. Ọ̀kan ni àyànmọ́, èyí tí kò gbóògùn. Èkejì ni àfọwọ́fà, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ fà wá sórí ara rẹ̀ tàbí sórí ẹlòmíràn. Bí ohun kan bá jẹ́ àyànmọ́, ìpẹ̀ ni a ó ṣe fún ẹni tí ó dé bá. Bí ó bá jẹ́ àfọwọ́fà, a ní láti béèrè pé: ọwọ́ ta ni? Èwo nínú méjèèjì ni ti etí òkun wa? Ǹjẹ́ àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ lè jẹ́rìí sí i?

Bí a bá fẹ́ pe ẹnìkan jẹ́rìí, a kọ́kọ́ ní láti mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ní ọdún 1729, ọ̀mọ̀wé Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean-Baptiste d'Anville ya àwòrán etí òkun wa láti Issini títí dé Ardra, tíí ṣe ilẹ̀ Àláàdà. Iṣẹ́ dáradára ni, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n d'Anville kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Ohun tí àwọn awakọ̀ òkun àti àwọn oníṣòwò bá mú bọ̀ ni ó ń kó jọ, tí ó ń fi ọgbọ́n yẹ̀ wò nínú yàrá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sì mú ìròyìn bọ̀ wọ̀nyí, orí ọkọ̀ ni púpọ̀ wọn ti wo ilẹ̀ wa. Wọ́n mọ ibi tí ìgbì ti le àti ibi tí a ti lè ra omi mímu. Ó sì dun ni láti kọ ọ́, wọ́n mọ ibi tí a ti ń ra ènìyàn pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ «Côte des Esclaves» gàgàrà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wa, bí ẹni pé ohun tí wọ́n wá rà ni orúkọ ibi tí wọ́n ti rà á. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: ohun tí ó bá wá ni ojú rẹ̀ ń rí.

Orúkọ yòókù náà ń sọ irú ẹni tí ó mú kálàmù dání. Ìlú Glexwé di Juda lọ́wọ́ Faransé, Whydah lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ajudá lọ́wọ́ Potogí, kí ó tó di Ouidah. Aného di Petit-Popo. Àjàṣẹ́ tiwa, tí àwọn Gun ń pè ní Hogbonu, di Porto-Novo, «èbúté titun», bí ẹni pé ìlú náà kò ní àná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí yóò wá Àjàṣẹ́ lórí àwòrán àtijọ́ títí, yóò sì parí ọ̀rọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí yìí tún máa ń sọ ohun tí kò rí. Ní ọdún 1798, James Rennell, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fa ọ̀wọ́ òkè gíga kan la ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já, ó pè é ní Òkè Kong. Àwọn ayàwòrán yòókù ń wò ó kọ. Bẹ́ẹ̀ ni òkè náà ṣe wà lórí ìwé fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí Louis-Gustave Binger fi rin ilẹ̀ náà já láàrin 1887 sí 1889 tí kò rí òkè kankan tí ó jọ ọ́. Irọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan kọ, tí ọ̀mọ̀wé mẹ́wàá dà kọ, irọ́ kan náà ni. Nítorí náà, bí àwòrán mẹ́wàá bá sọ ohun kan, kí a tó gbà pé ẹlẹ́rìí mẹ́wàá ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnìkan ni gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fura sí. Àwọn awakọ̀ òkun ìgbà d'Anville mọ bí a ṣe ń fi oòrùn àti ìràwọ̀ wọn bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè wọn ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn dáadáa lójú omi, wọ́n nílò aago tí kì í ṣìnà fún ọ̀pọ̀ oṣù, irú aago bẹ́ẹ̀ kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ títí ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún. Etí òkun tiwa rèé, ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn gan-an ni ó nà. Níbi tí òṣùwọ̀n wọn ti mẹ́hẹ ni ilẹ̀ wa ti gùn. Àní ní ìhà àríwá tí wọ́n mọ̀ ọ́n wọ̀n, àṣìṣe ìpín kan nínú ọgọ́ta dígírì kan ti tó nǹkan bí mítà 1,850. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé àwòrán 1729 lé orí èyí tí sátẹ́láìtì yà, tí ó sì kéde iye mítà tí òkun ti jẹ, ẹ̀rí tí kò sí ni ó ń jẹ́. Àwòrán àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ fún wa pé ìlú kan wà, pé ọ̀sà kan so mọ́ òmíràn, pé ẹnu odò kan ṣí. Bí a bá fẹ́ ka mítà, ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni a ó lọ, sí àwọn àwòrán tí wọ́n fi okùn àti ẹ̀rọ wọ̀n, àti pàápàá sí àwọn fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfurufú nínú àwọn ọdún 1950.

Ṣé kí a wá sọ pé kí á pa àwòrán tì, kí á gbọ́ ti àwọn àgbà nìkan? Rárá o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí Grand-Popo nígbà kan, ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó gbọ́ èdè Mina sì ń ṣe ògbufọ̀. A kí bàbá apẹja kan, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìlú àtijọ́ hàn wá. Bàbá kò wo ìhà ilé. Òkun ni ó nawọ́ sí, sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi kan ti ń fì lórí ìgbì. Ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ọkọ̀ yẹn wà, àárín ìlú ni. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti ń ta iyọ̀.» Àwòrán tí ó wà lọ́wọ́ wa fi ilé ìṣòwò àwọn Òyìnbó hàn ní àgbègbè náà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà iyọ̀ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó yà á kò wá ra iyọ̀. Ìwé fún wa ní ibi tí ilé náà wà. Bàbá fún wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé náà. Nígbà tí a sì béèrè ọdún tí ọjà náà wọ omi, bàbá ní: «Ìgbà tí a bí ọmọ mi kẹta ni.» Ìwé ìbí ọmọ náà ni a fi mọ ọdún. Báyìí ni ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí ìwé ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́: èyí ní ìrántí tí kò ní ọdún, ìyẹn ní ọdún tí kò ní ìrántí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nígbà tí a wá kó àwọn ẹlẹ́rìí jọ báyìí, kí ni wọ́n wí? Ohun méjì ni wọ́n wí, ó sì yẹ kí a gbọ́ méjèèjì.

Èkíní ni pé ilẹ̀ yìí kò dúró sójú kan rí. Ẹnu odò Bouche du Roy, tí omi odò Mono ń bá jáde, máa ń rìn lórí yanrìn. Yóò dí níhìn-ín, yóò là lọ́hùn-ún, àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì kó ẹrù tẹ̀lé e. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ èbúté, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ níhìn-ín, ó sì ń pọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó mọ èyí. Ilé tí wọ́n ń kọ́ kò wúwo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tètè ká a kúrò. Bí a bá ní ká pe apá kan ní àyànmọ́, èyí ni.

Èkejì yàtọ̀. Ìgbì tí ń ti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn wá máa ń ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn lẹ́bàá etí òkun wa, ọdún dé ọdún, ó sì tó bí àpò yanrìn mílíọ̀nù kan, tí àpò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Odò yanrìn ni, bí a kò tilẹ̀ rí i. Yanrìn yìí ni oúnjẹ etí òkun: èyí tí ìgbì bá kó lọ lánàá, èyí tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ni yóò dí i. Ní 1965, wọ́n parí ògiri ńlá tí ó sé odò Volta ní Akosombo, yanrìn tí odò náà ń kó wá sínú òkun sì há sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1965 kan náà, wọ́n ṣí èbúté Kútọnu. Ní 1968, wọ́n ṣí ti Lomé. Ní 1987, wọ́n sé odò Mono ní Nangbéto. Èbúté kọ̀ọ̀kan na apá òkúta sínú òkun kí ọkọ̀ lè rí ibi fara balẹ̀. Apá òkúta yìí sì dá yanrìn dúró lójú ọ̀nà.

Ẹnìkan lè ní pé àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, ìyẹn kò fi hàn pé àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fọ́tò àwọn ọdún 1950 sí ẹ̀gbẹ́ ti sátẹ́láìtì. Ní ìwọ̀-oòrùn èbúté Lomé, ilẹ̀ ti pọ̀ sí i, yanrìn ti kún ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ilẹ̀ ti dín kù, òkun sì ti gé ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba etí omi láti Lomé lọ sí Aného. Ní Kútọnu, ohun kan náà: ìwọ̀-oòrùn èbúté ń sanra, ìhà Àkpàkpà ń rù. Odò tí ń yí ẹnu padà kì í ṣe báyìí. Níbi tí ọwọ́ ènìyàn ti na òkúta gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, ìhà kan ń gbà, ìhà kejì ń pàdánù. Àfọwọ́fà rèé, ojú wa sì ti rí ọwọ́ náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí ìmọ̀ yìí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó bá ní in sùn dáadáa. Ìyá tí ilé rẹ̀ wó ní etí òkun kò kọ́ èbúté. Kò sí ẹni tí ó bi í. Àfọwọ́fà ẹlòmíràn ni ó di àyànmọ́ tirẹ̀. Nígbà tí a bá sì sọ fún un pé «òkun ni», ìpẹ̀ kọ́ ni a ṣe fún un. Ẹjọ́ rẹ̀ ni a bò mọ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé èbúté ń bọ́ gbogbo wa. Wọn kò parọ́. Ìrẹsì tí à ń jẹ, símẹ́ǹtì tí à ń fi kọ́lé, ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà, èbúté ni púpọ̀ wọn gbà wọlé. A kò sọ pé kí a wó o. Ohun tí à ń sọ ni pé, bí gbogbo wa bá ń jẹ níbẹ̀, ọwọ́ gbogbo wa ni ó wà níbi òkúta náà, gbèsè rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti abúlé mélòó kan tí wọ́n wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ kí ọjà wa lè kún, ilẹ̀ ni ó yẹ kí a fi san án fún un, kì í ṣe àánú.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ara wa pẹ̀lú. Ó rọrùn fún ará Aného láti bínú sí Lomé, kí ará Grand-Popo sì bínú sí Tógò àti Gáná lápapọ̀. Ṣùgbọ́n odò yanrìn kò mọ ibodè. Yanrìn tí Kútọnu dá dúró ni Sẹ̀mẹ̀ ń wá, Sẹ̀mẹ̀ sì ni aládùúgbò Nàìjíríà. Bí abúlé kan bá to òkúta sínú òkun láti gba ara rẹ̀ là, ó lè jẹ́ pé abúlé tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sunkún sí aládùúgbò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, kí ó bojú wo ẹ̀yìn, kí ó wo ẹni tí ń sunkún sí òun láti ìlà-oòrùn.

Kí wá ni iṣẹ́ wa, àwa tí a kò lè gbé òkun padà? Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni. Nínú àpótí àwọn baba wa, ìwé ilẹ̀ wà, àwòrán ilé wà, fọ́tò ìgbéyàwó tí ó fi etí omi hàn lẹ́yìn wà. Ẹ má fi wọ́n dáná. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá àwọn àgbà rìn dé etí omi nígbà tí wọ́n ṣì lè rìn, kí ẹ bi wọ́n ibi tí ọjà wà, ibi tí ibojì wà, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ kan tí ó ti di omi, ẹ̀rí tí a kó jọ lónìí ni a ó gbé síwájú.

Ní ti àwọn ọmọ kíláàsì wa, bí àwòrán méjì kò bá bára mu báyìí, wọn kì í tún béèrè pé ta ni ó purọ́. Ìbéèrè wọn ti di méjì: kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún méjèèjì yìí, àti pé ta ni ó ṣe é? Ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè ni ó sábà máa ń béèrè èkejì.